Lyle Tó Fẹ́ Gba Oko Ápù Lọ́wọ́ Aràn

Ẹnu dùn ún ro ẹ̀fọ́; bó bá jẹ́ ẹnu Lyle Haverkamp là ń sọ, gbogbo wa ní ìlú Yakima ì bá ti yó. Kò sí ohun tí Lyle kò mọ̀, àfi ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Virgil, bàbá ìyàwó rẹ̀, ti darúgbó, ó fẹ́ fi oko ápù sílẹ̀. Aràn tíntìntín inú ilẹ̀ sì ti jẹ gbòǹgbò àwọn igi ibẹ̀ tán.

"Lyle, bí igi tuntun bá yè níbẹ̀ láìlo kẹ́míkà, ìwọ lo ni oko. Bí kò bá yè, Marlys ọmọ mi ni mo máa gbé e fún."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀! Aràn wo ló tó bẹ́ẹ̀?"

Marlys, ìyàwó Lyle, kìlọ̀ fún un. "Ìgbà ìwọ́wé báyìí ni kó o po ìyẹ̀fun mọ́sítáàdì, hóró tó ń ta bí ata yẹn, mọ́ ilẹ̀. Fomi rin ín, jẹ́ kó sinmi di ìgbà ìrúwé kó o tó gbin nǹkan kan. Bó ṣe ń pa aràn ló ń pa gbòǹgbò o!"

Sùúrù ni baba ìwà, ṣùgbọ́n Lyle kì í ṣe ọmọ baba yẹn. Ó fi gbogbo ìgbà òtútù fọ́nnu nílé kọfí, kò tú àpò ìyẹ̀fun kan. Àárọ̀ ọjọ́ tí àwa àgbẹ̀ adúgbò wá wo oko ló ṣẹ̀ṣẹ̀ da ìyẹ̀fun sílẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ó fomi sí i, ó sì gbin igi lé e lójú wa.

"Ẹ wo ọgbọ́n!"

Yéè! Ojú ń ta wá, imú ń ṣomi. Pásítọ̀ tó bá wa wá ju dónọ́ọ̀tì ọwọ́ rẹ̀ nù. Virgil wúkọ́ títí ó fi dìrọ̀ mọ́ ọkọ̀ mi. Ajá Lyle pàápàá sá lọ sílé aládùúgbò.

"Ẹkún ayọ̀ ni wọ́n ń sun!" ni Lyle wí.

Kò pẹ́, ewé pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. "Wọ́n ń sinmi ni." Ewé já bọ́. "Wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ ni." Ìgbà tó fa ọ̀kan tu, gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú bí ọbẹ̀ tó jóná.

Lyle kò tijú. Ó ní kí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ yẹ ilẹ̀ wò bóyá aràn ṣì kù; nígbà tí èsì dé, ó fi fèrè mọ́tò pariwo dé ilé Virgil.

"Bàbá! Kò ku aràn kan ṣoṣo!"

Virgil mú Marlys dání lọ sí oko, ó wo àwọn igi gbígbẹ. "Òótọ́ ni. Ilẹ̀ tí kò ní aràn, tí kò ní ápù, irú ẹ̀ wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́tò là ń páàkì síbẹ̀. Marlys, ìwọ lo ni oko."

"Ẹ ṣé, Dádì." Marlys yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Lyle, ó yá, lọ hú àwọn igi yẹn."