Kọ̀ǹpútà Tó Ń Gbọ́ràn sí Ọwọ́ Òsì Mi

Mo lè gbàgbé ọjọ́ tí mo wọ yunifásítì, mo sì lè gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ṣùgbọ́n Ọjọ́rú kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí màá fi darúgbó. Ọjọ́ náà ni mo jẹ́wọ́ pé àjẹ́ ni mí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn, mo wà ní kíláàsì karùn-ún ní ilé ìwé kan ní Ṣàngó Ọ̀tà, mi ò sì tíì fò rí. Mo tètè sọ ìyẹn kí ẹ má baà máa wòkè nígbà tí ẹ bá pàdé mi.

Àsìkò yẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì ń hù káàkiri agbègbè wa. Ilé iṣẹ́ tó bá kógbá sílé lónìí, kí oṣù tó parí, ẹ ó ti rí pátákó ìsọjí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n tún ń kọ́ yunifásítì sí ojú ọ̀nà Ìdírókò, kò sì sí òbí tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ kọ̀ǹpútà kó tó mọ ìṣirò. Ilé ìwé wa wà lẹ́yìn irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀, nínú ọgbà tó ti jẹ́ ilé iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìyàwó Pásítọ̀ ni olórí ilé ìwé, Mọ́mì la sì ń pè wọ́n.

Ibi tí ilé iṣẹ́ ọ̀hún ń kó ẹrù pamọ́ sí ni wọ́n sọ di yàrá kọ̀ǹpútà. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, wọ́n sì ti fi kọ́tìnì dúdú bò ó. Wọ́n so ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ògiri, wọ́n ní ká máa bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, Mọ́mì sì ti rán aṣọ funfun tí wọ́n fi ń bò wọ́n látòkè délẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ẹ fẹsẹ̀ lásán wọlé, sìmẹ́ńtì tutù, òkùnkùn, nǹkan mẹ́jọ tí wọ́n faṣọ funfun bò sì jókòó ń dúró dè yín. Ilé iṣẹ́ irin wà lẹ́yìn ògiri. Tí ẹ̀rọ ńlá wọn bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, àwọn aṣọ funfun náà á sì máa mì díẹ̀díẹ̀. Àwa tá a jẹ́ aláriwo lóde, a máa ń wọ ibẹ̀ bí ẹni ń wọ ilé òkú.

Olùkọ́ wa, Ọ́ńkù Kọ̀ǹpútà, jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin láti Òṣogbo tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ tó kọ́ṣẹ́ náà. Bí a ṣe ń di máòsì mú ló kọ́kọ́ kọ́ wa.

"Ọwọ́ ọ̀tún!" ló wí. "Ṣé ẹ lè fọwọ́ òsì gbé omi fún bàbá yín?"

"Rárá, sà!"

"Ẹ má ṣe fi òsì kan kọ̀ǹpútà náà o. Nǹkan àpọ́nlé ni."

Gbogbo kíláàsì ló dáhùn, àfi àwa méjì tá à ń lo ọwọ́ òsì, èmi àti Sìkírátù. Ọmọ télọ̀ kan ní ìlú Ọ̀tà gangan ni Sìkírátù, ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni, torí kọ̀ǹpútà yìí náà sì ni bàbá rẹ̀ ṣe gbà kó wá sílé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti kọ́ àwa méjèèjì ká máa fọwọ́ ọ̀tún jẹun, ká sì máa fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n máòsì yìí kọjá agbára ọwọ́ ọ̀tún wa. Bí mo bá fi dì í mú, ọfà kékeré inú kọ̀ǹpútà á máa sá kiri bí aláǹgbá tí wọ́n lé. Tí mo bá sì yọ́ fi òsì dì í, Ọ́ńkù ní rúlà.

Kọ̀ǹpútà kẹjọ ló wà ní kọ̀rọ̀ pátápátá, wọ́n ní ó ti ya wèrè. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé, ẹnikẹ́ni tó bá tẹ máòsì rẹ̀, kò ní ṣí ohun tó fẹ́. Ìwé pélébé kan tí wọ́n to ọ̀rọ̀ sí á kàn já wálẹ̀ lójú rẹ̀, á sì dúró. Àwòrán ilé kan ló wà lójú kọ̀ǹpútà náà, ilé kan ṣoṣo láàárín ilẹ̀ funfun tó lọ salalu, pẹ̀lú iná nínú fèrèsé kan. Àwọn ọmọ kíláàsì wa ní bí ẹ bá wò ó pẹ́, ẹ ó rí ẹnì kan tó ń kọjá nínú fèrèsé yẹn. Mi ò gbà wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò wò ó pẹ́ náà.

Ibẹ̀ ni Ọ́ńkù máa ń ní kí ẹni tó bá ṣẹ̀ lọ jókòó. Lọ́jọ́ kan tó ká ọwọ́ òsì mọ́ mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ sí kọ̀rọ̀. Mo jókòó, ilẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí Ọ́ńkù kọ̀yìn sí mi, mo rọra gbé ọwọ́ òsì lé máòsì, mo tẹ ẹ́.

Ó ṣí.

Mo tẹ òmíràn, ó ṣí. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e, ìwé pélébé ló já wálẹ̀. Mo tún dá òsì padà, ó tún ṣí wẹ́rẹ́, bíi pé èmi ló ti ń retí. Inú mi dùn, ara mi sì bù máṣọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di aláìgbọràn tó gbóná jù lọ ní kíláàsì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ń wá ẹ̀ṣẹ̀ dá kí wọ́n lè máa lé mi lọ sí kọ̀rọ̀. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà. Bí mo bá délé, màá na ọwọ́ òsì síwájú, màá máa yí i síwá sẹ́yìn wò, màá máa bi ara mi pé kí ló wà nínú ọwọ́ yìí.

Ọjọ́rú tí mò ń sọ yìí ni Ọ́ńkù yí padà lójijì, tó rí ilé alárànbarà tí mo ti yà sójú kọ̀ǹpútà wèrè.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, sà."

Ó ní kí n ṣe é lójú òun. Mo fọwọ́ ọ̀tún tẹ ẹ́, ó kọ̀. Mo fọwọ́ òsì tẹ ẹ́, ó ṣí. Ọ́ńkù tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun náà fọwọ́ ọ̀tún tẹ ẹ́. Ìwé pélébé. Ó pa kọ̀ǹpútà náà, ó tún un tàn: ìwé pélébé. Ó yọ máòsì rẹ̀, ó gbé ti kọ̀ǹpútà kẹta wá síbẹ̀, ìwé pélébé náà ni. Ó wá gbé máòsì tó yọ yẹn lọ sórí kọ̀ǹpútà kẹta, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Ó wá nawọ́ sí ọlọ́wọ́ òsì kejì.

"Sìkírátù, ìwọ náà wá."

Sìkírátù wá, ó gbé ọwọ́ òsì lé e. Ó ṣí.

Ẹnì kan kígbe "Jésù!" Ohun tí mo tún mọ̀ ni pé ogójì ọmọ ń du ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, Ọ́ńkù sì wà níwájú wọn. Òkìtì bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà fọ́n ká, ọ̀pọ̀ ló sì wọ bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan délé lọ́jọ́ yẹn. Èmi àti Sìkírátù nìkan ló kù sínú yàrá tútù yẹn, pẹ̀lú ilé tó wà láàárín ilẹ̀ funfun. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ń bà mí lẹ́rù mọ́, ọwọ́ mi ni.

Mọ́mì dé pẹ̀lú ìgò òróró. Wọ́n ta á sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ta á sórí máòsì, wọ́n ta á sí wa lórí. Wọ́n wá tẹ̀ba, wọ́n rọra bá wa sọ̀rọ̀, ohùn wọn sì dùn bí oyin.

"Ẹni tí nǹkan yìí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò jẹ́wọ́, kò ní jókòó láàárín àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ́. Òní ló ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́wọ́, a ó gbàdúrà fún un, á sì padà sí kíláàsì. Ẹ ti gbọ́?"

Mo gbọ́ dáadáa. Màmá mi ti sọ pé bí wọ́n bá lé mi nílé ìwé yìí, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ní Ìsẹ́yìn ni màá lọ gbé, torí kò sẹ́ni tó máa mójú tó mi tí òun bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò fẹ́ fi màmá mi sílẹ̀.

"Mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́, mà," ni Sìkírátù wí. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n.

Mọ́mì dìde, wọ́n nawọ́ sí kọ̀ǹpútà kẹjọ, wọ́n pariwo: "Jáde!" Ojú ẹsẹ̀ náà ni àwọn oníná mú iná lọ. Gbogbo yàrá ṣókùnkùn biribiri. Àwọn àpótí dúdú tó yẹ kó máa tọ́jú iná fún kọ̀ǹpútà, tí bátìrì wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ké pí-ì, pí-ì, pí-ì láti abẹ́ tábìlì. Mọ́mì fò sókè, wọ́n sì dì mí mú. Mi ò mọ ẹni tó ń gbọ̀n jù nínú àwa méjèèjì.

Inú òkùnkùn yẹn ni mo ti jẹ́wọ́.

"A máa ń fò, mà."

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Lọ síbo?"

Ibi tó ga jù tí mo mọ̀ ni mo dárúkọ. "Orí táǹkì omi ilé iṣẹ́ irin."

"Kí lẹ ń jẹ níbẹ̀?"

"Búrẹ́dì àti ẹ̀wà, mà."

"Ta ni olórí yín?"

Mo ronú díẹ̀. "Kọ̀ǹpútà kẹjọ ni alága."

"Àwọn wo lẹ jọ ń lọ?"

Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan gún mi, kò sẹ́ni tó nà mí. Wọ́n kàn béèrè ni, mo sì rí i pé ìdáhùn kan ń bẹ tí wọ́n ń retí. "Èmi àti Sìkírátù," ni mo wí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú òkùnkùn, mo gbọ́ tí Sìkírátù mí kanlẹ̀.

Wọ́n ti ránṣẹ́ sí màmá mi ní ilé iṣẹ́ rọ́bà tó wà ní òdìkejì títì. Màmá mi dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ àti nẹ́ẹ̀tì lórí. Ilé ìwé ti tan jẹnẹrétọ̀ nígbà yẹn. Mọ́mì ro gbogbo ẹ̀ fún wọn, táǹkì omi, búrẹ́dì, ẹ̀wà. Màmá mi gbọ́ ọ dópin, wọ́n wá wò mí.

"Ìgbà wo lo ráyè fò?" Wọ́n kọjú sí Mọ́mì. "Ẹ má bínú, mà. Ọmọ yìí ò lè dá lọ tọ̀ níta tílẹ̀ bá ti ṣú. Èmi ni mò ń gbé àtùpà dúró tì í. Orí ẹní kan náà la jọ ń sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì wà lórí ikùn mi títí di àárọ̀."

"Ẹ̀mí ló ń fò, Ìyá wa. Ara á wà nílẹ̀."

"Ẹ jẹ́ n rí kọ̀ǹpútà náà, mà. Níbi iṣẹ́ wa, tí ẹ̀rọ bá ń ṣe ségesège, a kì í bi í pé ta ló rán an. A máa ń tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni."

Màmá mi kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí láyé wọn. Wọ́n fi etí ìró nu òróró ara máòsì kúrò. Wọ́n fọwọ́ ọ̀tún tẹ ẹ́ lápá òsì: ìwé pélébé. Wọn ò gbé ọwọ́ kúrò. Wọ́n kàn fi ìka tó tẹ̀ lé e tẹ apá kejì. Ó ṣí.

"Ọwọ́ ọ̀tún rèé o, mà," ni wọ́n wí. "Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ ni. Kì í ṣe ọwọ́."

Mọ́mì rọra na ìka, àwọn náà tẹ ẹ̀gbẹ́ yẹn, ó ṣí fún wọn. Wọ́n tún tẹ òmíràn, ó ṣí. Ni wọ́n bá gbọ́wọ́ sókè: "Ògo ni fún Ọlọ́run! Àdúrà ti gbà!"

Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ta kọ̀ǹpútà fún wọn wá láti Èkó, tó fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀. Ó ní tòkunbọ̀ ni, ọlọ́wọ́ òsì ló ti lò ó lókè òkun, òun ló pààrọ̀ iṣẹ́ bọ́tìnnì méjèèjì kó lè bá ọwọ́ rẹ̀ mu, torí apá ọ̀tún máòsì ni ìka ọwọ́ òsì tó ń tẹ̀ ẹ́ máa ń bọ́ sí, kò sì sẹ́ni tó rántí dá a padà. Títí dòní ni mo ṣì ń ronú nípa ẹni yẹn, àjèjì tó fi ọwọ́ bíi tèmi sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ, tí mi ò mọ̀ bóyá ó kú tàbí ó wà láàyè. Ara mi ṣì máa ń bù máṣọ díẹ̀.

Nígbà tá à ń lọ sílé ní Ọjọ́rú yẹn, màmá mi bi mí ìdí tí mo fi pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní wọ́n sọ pé bí mo bá jẹ́wọ́, wọn ò ní lé mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn. Ẹ̀rín náà wá tán lójijì.

"Ìyẹn ni tìẹ. Sìkírátù ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kejì mo kúnlẹ̀ níwájú Sìkírátù ní àárín kíláàsì, kò wò mí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan nígbà ìsinmi, ó wá jókòó tì mí, ó ń wo táǹkì omi ilé iṣẹ́ irin lókè lọ́hùn-ún.

"Nígbà tá a jọ fò lọ síbẹ̀," ló wí, "kí ni mo wọ̀?"

"Yúnifọ́ọ̀mù," ni mo dáhùn láìronú.

Ó wò mí tìyanutìyanu, ló bá bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò fi àṣírí kankan hàn mí mọ́, mi ò sì lè bá a jà sí i.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Bí wọ́n bá sọ fún mi pé ẹnì kan ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, màá kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n bi í, àti ohun tí wọ́n ṣèlérí fún un. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ mi, pàápàá èyí tó ń lo ọwọ́ òsì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí dórí búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Èmi náà á rẹ́rìn-ín dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ Sìkírátù máa ń kàn, àwọn ọmọ á ṣì máa rẹ́rìn-ín lọ, ẹ̀rín tèmi á sì tán.