Orúnkún Mi, Àpò Mi àti Nọ́ọ̀sì Ìbídùn

Nọ́ọ̀sì Ìbídùn ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Mo tètè dárúkọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé èmi ni mo wá ìjà lọ. Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní parẹ́ lọ́kàn mi bí mo tilẹ̀ gbó ju báyìí lọ, ọwọ́ obìnrin yìí ló sì ti wá.

Ilé wa kọjú síra ní Ìbẹ̀rẹ̀kó, létí òkun nítòsí ẹnubodè, ọ̀nà tóóró oníyanrìn kan ló là wá láàárín. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, màá ti wọ bàtà kánfáàsì mi, màá sáré dé Àjárá, màá sì sáré padà kí àwọn ọmọ lẹ́sìn mi, tí mò ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ àfikún nílé, tó dé. Mi ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì a máa jókòó sí fàráńdà rẹ̀ pẹ̀lú ife tíì láti ìdájí, ohunkóhun tó bá sì kọjá níwájú ilé rẹ̀, òun ló ni ín.

Lọ́jọ́ kan mo fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò àgbọn, orúnkún mi ọ̀tún sì wú. Kí n tó fi omi gbígbóná jó o tán, Nọ́ọ̀sì ti pe Káyọ̀dé, ọmọ mi kan ṣoṣo, n'Ìbàdàn. Ó ní ìyá rẹ̀ ń sá kiri ìgboro pẹ̀lú ṣòkòtò, pé báyìí ni àgbà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ sí ṣarán, pé òun ti rí i púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Káyọ̀dé dé lọ́jọ́ kejì. Kò tíì jókòó tó fi sọ pé, "Màmá, ó tó gẹ́ẹ́. Yàrá yín ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa."

Mo mọ yàrá náà. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Èmi tí mo ń dá jí, tí mo ń dá sùn, tí mo ń pàṣẹ fún ogún ọmọ lójúmọ́, ni wọ́n fẹ́ máa bi pé ṣé mo ti jẹun. Mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà eegun. Ọkùnrin náà tẹ orúnkún mi, ó tẹ itan mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, eré kọ́ ló ṣe yín. Itan yín ló rọ. Ẹ máa gbé nǹkan tó wúwo, ẹ máa fa nǹkan, ẹ máa gun òkè, nínú ilé yín níbẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́ ti tó."

Káyọ̀dé wò mí. "Oṣù méjì, Màmá. Tí mo bá padà dé tí orúnkún yìí ṣì wú, ẹrù yín la ó dì."

Ìyàwó rẹ̀ fi àwòrán irin ńlá kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó ní àga, ó ní okùn, ó tún ní kẹ̀kẹ́ tí kò lè gbé ènìyàn lọ síbì kankan. Mo dá a lóhùn pé bí mo bá gbé èyí sí pálọ̀ mi, orí rẹ̀ ni àwọn ọmọ lẹ́sìn yóò ti máa kọ ìṣirò. Àti pé ta ló ráyè? Láàárín eré àárọ̀ àti agogo lẹ́sìn, ìṣẹ́jú ogún péré ni mo ní, mo sì gbọ́dọ̀ wẹ̀ nínú rẹ̀. Mo pinnu láti fi ohun tó wà nílé ṣe é. Ọpọlọ mi ṣáà ṣì pé, ohunkóhun tí Nọ́ọ̀sì ìbáà wí.

Ọ̀dọ̀ Màútìn, fọganáísà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo ní kó bá mi gé rọ́bà inú táyà sí ọ̀já gígùn gígùn.

Ó ní, "Màmá Tíṣà, ọ̀kadà wo lẹ fẹ́ fi di ẹrù sí?"

"Ẹsẹ̀ mi ni."

Ó wo ojú mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó sì mú ọ̀bẹ.

Mo so orí rọ́bà kan mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn kíṣìnnì, mo so ìkejì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ mi, mo kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, mo sì ń fa ẹsẹ̀ síwájú. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ dára. Lọ́jọ́ kẹta, ọwọ́ ilẹ̀kùn já, ó fò kọjá létí mi, ó sì lọ bá fọ́tò olóògbé ọkọ mi lára ògiri. Gíláàsì náà sán gba imú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá Káyọ̀dé, ẹ forí jì mí, nítorí kí n má baà fi ilé yín sílẹ̀ ni." Ó ń wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí ọbẹ̀ bá jóná.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo lo bẹ́ńṣì àwọn ọmọ lẹ́sìn fún gígun òkè. Mo gun etí rẹ̀ dípò àárín. Èmi tí mo ti ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sójú pátákó láìmọye ìgbà, tí mo ti na ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ìwúwo bá wà ní ìpẹ̀kun kan! Ìpẹ̀kun kejì dìde, èmi sì fìdí jókòó sínú agbada ẹ̀wà tí mo rẹ fún mọ́ínmọ́ín. Mo ṣì fi ẹ̀wà náà se mọ́ínmọ́ín. Mo fún Nọ́ọ̀sì nínú rẹ̀. Ó ní ó dùn.

Mo tún da sìmẹ́ǹtì sínú agolo mílíìkì ńlá méjì, mo ki páìpù irin bọ̀ wọ́n láàárín. Òun nìkan ló bá mi ṣe dáadáa, àyàfi ìgbà tó yí jáde lábẹ́ ibùsùn tó sì gun ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi.

Ohun tó kù ni ẹrù èjìká. Iyanrìn pọ̀ létí òkun wa ju ènìyàn lọ, àpò ló ṣòro. Èyí tó lágbára jù nílé ni àpò ìrẹsì òkèèrè kan tí wọ́n ya òdòdó pupa ńlá sí. Mo bu iyanrìn sí i, mo fi rọ́bà Màútìn di ẹnu rẹ̀, mo sì ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láràárọ̀, bí mo bá ti eré dé, màá gbé e lé èjìká, màá gba ẹ̀yìnkùlé jáde nítorí pé ibẹ̀ ni àtẹ̀gùn wà, màá yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀kan, màá sì gba géètì iwájú wọlé. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni mi ò gbé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú inú wo ohun tí mo ṣe yìí dáadáa. Láti fàráńdà tó kọjú sí wa, kò sí bí ènìyàn ṣe lè rí ẹ̀yìnkùlé mi. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ kò ní rí àpò kankan tó jáde. Àpò ìrẹsì òkèèrè tó ń wọlé lójoojúmọ́ nìkan ni yóò máa rí. Ẹni tó bá sì ń gbé ìhín mọ ojú tí àwọn aṣọ́bodè fi ń wo irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé e gba ẹnubodè. Èmi olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kò ronú débẹ̀.

Oṣù méjì pé. Káyọ̀dé sùn sí Èkó lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó sì ní òun yóò dé kí agogo méje tó lù lọ́jọ́ Sátidé. Inú mi dùn. Orúnkún mi kò wú mọ́. Mo wọ ṣòkòtò kàkí péńpé olóògbé, mo fi ìyókù rọ́bà ṣe ìgbànú, mo gbé àpò mi, mo sì jáde.

Mo ti rìn dé ìdajì nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

"Màmá, ẹ kú àárọ̀ o!"

"Ẹ kúuṣẹ́ o, ọmọ mi." Mi ò wẹ̀yìn. Mo ti fi ṣe òfin pé mi ò ní dúró láàárín.

"Màmá, ẹ dúró! Ẹ gbé àpò yẹn sílẹ̀!"

Mo wẹ̀yìn. Aṣọ́bodè méjì ni, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan àti ọ̀gá rẹ̀ tí ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni òdòdó pupa ẹ̀yìn àpò mi yé mi. Mo ṣírò rẹ̀ kíá. Bí wọ́n bá mú mi lọ sí ọ́fíìsì wọn, Káyọ̀dé á dé, kò ní bá mi nílé, Nọ́ọ̀sì ni yóò sì ròyìn fún un. Ìbàdàn nìyẹn, fèrèsé tó kọjú sí ògiri. Bí wọ́n bá fẹ́ tú àpò yìí, ẹnu géètì mi ni wọn yóò ti tú u, lójú ọmọ mi.

Mo sáré.

Ẹ má bi mí ìdí tí mi ò fi ju àpò náà sílẹ̀. Ẹni tó bá ju ẹrù sílẹ̀ tó sì sá, olè ni. Ẹni tó gbé e sá, ó ní ibi tó ń gbé e lọ.

"Màmá! Ìrẹsì ò tó kú sí o!" Ohùn ọ̀gá ti ń jìnnà. Bàtà rẹ̀ wúwo, iyanrìn ọ̀nà wa sì jìn. Nígbà tó yá mo gbọ́ tó ní, "Ìwọ máa bá wọn lọ, èmi ń bọ̀." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sún mọ́ mi lẹ́bàá àwọn igi àgbọn, ó sì fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò kan náà tó gbé mi ṣubú lóṣù méjì sẹ́yìn. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́ o," mo sì ń bá tèmi lọ. Ayọ̀ tó wà nínú mi, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Ìgbà yẹn ni ìgbànú rọ́bà já pàì. Ṣòkòtò olóògbé wọ́ dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Ẹni tó bá dúró láti fà á sókè, wọ́n ti bá a. Mo yọ ẹsẹ̀ kan, mo yọ ìkejì, mo fi ṣòkòtò sílẹ̀ fún ìjọba. Ọpẹ́lọpẹ́ òtútù àárọ̀ tó jẹ́ kí n wọ pátá aláwọ̀ àlùkò tó gùn dé ìdajì itan sábẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe yọ sí ẹnu géètì mi nìyẹn, àpò lórí èjìká, pátá àlùkò nídìí, níwájú àwọn ọmọ lẹ́sìn, níwájú àwọn òbí wọn, àti níwájú Káyọ̀dé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé báàgì ìrìn-àjò tó ṣófo jáde látinú ọkọ̀ fún ẹrù mi.

Mo sọ àpò kalẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dé, ó ń tiro, ó tú rọ́bà. Iyanrìn dà sórí bàtà rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Iyanrìn náà ni.

Ọ̀gá dé lẹ́yìn náà, ó na ṣòkòtò mi sí mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Màmá, ìyókù dà?"

"Ìyókù kí ni?"

Ó fa ìwé kékeré kan yọ. "Àpò mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n kà fún wa. Ọ̀kan lójúmọ́. Wọ́n ní ẹ kì í gbé lọ́jọ́ Ìsinmi."

"Ọmọ mi, àpò kan ṣoṣo yìí náà ni. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbé e gbà jáde."

Òbí kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì gbè é. Lẹ́yìn náà, gbogbo ojú yí sí fàráńdà òdìkejì, níbi tí Nọ́ọ̀sì Ìbídùn jókòó sí tó ti fi àtíkè sójú, tó múra bí ẹni tó ń retí àlejò.

Wọ́n wọlé wò bí iṣẹ́ wọn ṣe ní kí wọ́n wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fa agolo sìmẹ́ǹtì jáde lábẹ́ ibùsùn, ó gbé e dé àyà, ó gbé e sílẹ̀. "Màmá, kí lẹ ń fi èyí ṣe?"

"Mò ń fi í sáré."

Wọ́n tọrọ gáfárà, wọ́n mu omi, wọ́n lọ. Káyọ̀dé kò rẹ́rìn-ín. Orúnkún mi méjèèjì ló ń wò, tí pátá àlùkò kò bò, tí ọ̀kan kò tóbi ju èkejì lọ. Ó ké sí òdìkejì ọ̀nà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ ní ara màmá mi ò yá. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wá yẹ̀ wọ́n wò lójú mi."

Nọ́ọ̀sì kò lè kọ̀ níwájú èrò. Ó sọdá, ife tíì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ orúnkún mi, ó ká a, ó nà án. Lẹ́yìn náà ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń wo agogo ọwọ́ rẹ̀, ó ń ka bí àyà mi ṣe ń lù.

Bó ṣe ń kà á, mo ń ka ẹ̀kọ́ tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ fi àpò ìrẹsì ṣe eré ìdárayá ní etíkun yìí, kó yí inú rẹ̀ síta, kó sì máa gbé e gba ibi tí aládùúgbò lè rí i jáde. Kó ra bẹ́líìtì gidi. Kó má ṣe gbà pé ìwé tí òun kà yóò gba òun lọ́wọ́ ìwà òmùgọ̀, nítorí èmi kà á, mo sì sáré ní pátá níwájú àwọn ọmọ tí mò ń nà torí ìmúra. Títí dòní, bí mo bá dúró ní iwájú pátákó tí mo sì rí wọn tí wọ́n ń fọwọ́ bo ẹnu, mo mọ ohun tí wọ́n ń rántí, èmi náà á yíjú sí pátákó kí n lè rí tèmi rín.

Nọ́ọ̀sì mi orí sí Káyọ̀dé pé ara mi yá. Káyọ̀dé gbé báàgì tó ṣófo náà padà sínú ọkọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa. Nọ́ọ̀sì kò tíì fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó tẹ̀ sí etí mi, ó sì rọra sọ ọ́, kí àwọn èrò má baà gbọ́:

"Tíṣà, àyà tiyín ti balẹ̀. Tèmi ni kò tíì balẹ̀."