Akoto Funfun ní Ilé Gààrí

Bí mo tilẹ̀ gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì, Ọjọ́bọ̀ kan wà ní Ìbógùn tí kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ náà ni mo lọ kọ́ àwọn tó ń ṣe gààrí bí wọ́n ṣe ń ṣe gààrí.

Ẹ̀kọ́ kan ló fà á. Gbogbo ohun tí ẹ̀kọ́ náà ń sọ ò ju pé nínú igbó, kò sí ohun tó ń ṣòfò: ewé tó bá já bọ́ lára igi, oúnjẹ ekòló ni. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí láàárín àwọn iléeṣẹ́, kí ìdọ̀tí ẹnì kan di èròjà iṣẹ́ ẹlòmíì. Ìyá tó bí ìyá mi mọ èyí láìlọ síléèwé, ṣùgbọ́n tiwa ní àwòrán ọfà pupa nínú. Mo ti fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ yìí lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá tún fìdí rẹmi, màá lo ọdún kan sí i níléèwé, bẹ́ẹ̀ bàbá mi ti ń pe ara rẹ̀ ní Bàbá Ẹnjiníà káàkiri àdúgbò Lotto ní Mowe. Ó ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sára géètì wa.

Dókítà tó ń kọ́ wa ní kí kálukú wá ibi iṣẹ́ kan, kó wá ìdọ̀tí ibẹ̀, kó sì fi ẹni tó lè lò ó han òun. Òun fúnra òun ń bọ̀ wá wò ó ní Ọjọ́bọ̀.

Ilé gààrí kan nítòsí ọgbà iléèwé wa ní Ìbógùn ni mo mú. Ọlọ́gbọ́n ì bá lọ síbẹ̀, kó kí wọn, kó jókòó. Èmi kọ́kọ́ gba Ìbàfò lọ ra akoto funfun, irú èyí tí àwọn ẹnjiníà máa ń dé níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé. Ohun tó lè já lu èèyàn lórí nílé gààrí, mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní.

Ìyá Rábì ló ni ibẹ̀, àgbàlagbà tó ju ìyá mi lọ dáadáa. Bó ṣe rí akoto yẹn, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ṣùgbọ́n akoto máa já bọ́, ni mo bá mi orí díẹ̀ bíi gómìnà. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń fi èèpo ẹ̀gẹ́ ṣe.

“A máa ń kó o dànù ni, ọ̀gá.”

Omi tó ń jáde lára ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá fún ńkọ́?

“Ojoojúmọ́ là ń dà á nù. A kì í jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ rárá.”

Gbogbo àwọn obìnrin tó kù gbè é lẹ́sẹ̀. Inú mi dùn. Ìdọ̀tí lọ́tùn-ún, ìdọ̀tí lósì, ẹnikẹ́ni ò sì lò ó. Máàkì mi ti pé.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, mo dé ibẹ̀ ṣáájú Dókítà. Mo ti bá ẹnì kan tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Òkè-Arò sọ̀rọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ sì wá kó gbogbo èèpo náà lọ. Ó wá ku omi. Ìyá Rábì ti wọlé lọ kírun Àìlà. Mo rí bàsíà ńlá mẹ́ta lábẹ́ igi, omi ẹ̀gẹ́ kún inú wọn. Mo ní wọ́n ti gbàgbé láti da tòní nù. Mo gbẹ́ kòtò, mo dà wọ́n sínú rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ ìdí wọn, mo fi ọkọ́ ha á sínú kòtò náà kí bàsíà lè mọ́ tónítóní. Obìnrin kan tó ń yan gààrí la ẹnu, ó tún pa á dé.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé àwòrán mi ti ògiri. Páálí ńlá ni, ọfà pupa ló kún inú rẹ̀. Ẹ̀bà àná ni mo fi lẹ àwọn ìwé mọ́ ọn, torí góòmù mi ti tán.

Dókítà dé bí Ìyá Rábì ṣe ń jáde bọ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ìyá wo bàsíà kìíní, ó wo èkejì, kò wulẹ̀ wo ẹ̀kẹta.

“Sítáàṣì mi dà?”

“Sítáàṣì wo, mà?”

“Èyí tó ń wálẹ̀ sí ìdí bàsíà látàná. Àwọn alágbàfọ̀ ń bọ̀ láti Ìfọ̀ wá gbé e nírọ̀lẹ́ yìí.”

Mo rán an létí pé òun ló sọ pé ojoojúmọ́ làwọn ń dà á nù. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

“Mo ṣe bí wolé-wolé ni ọ́. Ta ní ń sọ òótọ́ fún wolé-wolé?”

Ló bá kọjú sí Dókítà. Ó ní ewúrẹ́ ló ń jẹ èèpo, ìgbẹ́ ewúrẹ́ ń lọ sóko ẹ̀gẹ́, ẹ̀gẹ́ ń padà wá sílé gààrí. Omi tí wọ́n bá kó sítáàṣì kúrò nídìí rẹ̀, wọ́n ń dà á sójú ọ̀nà kí koríko má baà hù. Dókítà ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò rántí ọjọ́ tó kọ ohun kan tí mo sọ sílẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí àwọn ewúrẹ́ fi dé fún oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n dé ibi tí èèpo máa ń wà, òfo. Wọ́n wò yíká. Òórùn ẹ̀bà ló júwe ọ̀nà fún wọn. Òbúkọ dúdú kan onírùngbọ̀n ló ṣíwájú, láti orí ọfà àkọ́kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo sáré sí i, mi ò rántí kòtò tí mo fọwọ́ ara mi gbẹ́. Mo ṣubú sínú sítáàṣì gbalaja, akoto yí lọ síwájú Ìyá Rábì. Bí mo ṣe san ìdọ̀bálẹ̀ tí mo jẹ ẹ́ nìyẹn.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti jẹ iṣẹ́ mi.”

Dókítà wo òbúkọ tó ń jẹ orúkọ mi lórí páálí. “Ìdọ̀tí kan ṣoṣo tí mo rí níbí lónìí nìyẹn,” ló wí. “Ó sì ti rí ẹni tó lò ó.”

Kí n tó dé Mowe, sítáàṣì ti gbẹ mọ́ ṣòkòtò mi, orúnkún mi ò ṣeé ká. Ṣe ni wọ́n fà mí wọnú ọkọ̀ bíi pákó. Bàbá mi ṣí géètì Bàbá Ẹnjiníà, ó bi mí bóyá ère ni wọ́n ń fi mí ṣe níléèwé báyìí.

Mo fìdí rẹmi, ọdún tí mò ń sá fún sì dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a padà sínú ẹ̀kọ́ náà, Dókítà ní òun ti pe ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n ju òun lọ wá bá wa sọ̀rọ̀. Ìyá Rábì ló wọlé, akoto funfun mi lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló wá fi ń bu sítáàṣì báyìí. Kí ẹnikẹ́ni tó yanu, mo ti dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n wá jókòó níwájú.

Mo yege lọ́tẹ̀ yẹn. Mo sì ti mọ̀ pé kéèyàn tó pe nǹkan oníǹkan ní ìdọ̀tí, kó kọ́kọ́ bọ́ akoto, kó kí ẹni tó ni ín dáadáa. Mò ń fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín báyìí o, àmọ́ tí mo bá gbọ́ igbe ewúrẹ́ lọ́nà, mo ṣì máa ń fa ìwé mi mọ́ àyà.