Bí Mo Ṣe Bá Ilẹ̀ Sọ̀rọ̀ Níwájú Kọmáńdà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé, ọjọ́ tí mo kúnlẹ̀ níwájú gbogbo abúlé, tí mo ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, inú á kọ́kọ́ bí mi ná kí ẹ̀rín tó dé.

Òmìnira tí a gbà lọ́wọ́ àwọn Faransé kò tíì pẹ́ nígbà náà. Ìjọba ránṣẹ́ sí abúlé wa lọ́nà Massè pé àwọn fẹ́ gbẹ́ kànga fún wa. Ẹyọ kan ṣoṣo. Baálẹ̀ fẹ́ ẹ ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ní ìpẹ̀kun abúlé. Àwa obìnrin fẹ́ ẹ ní oríta, níbi tí gbogbo agboolé ti lè dé. A mọ̀ pé bó bá fi lè wà lẹ́nu ọ̀nà Baálẹ̀, àwọn ìyàwó rẹ̀ ni yóò máa pọn tẹ́rùn, àwa yòókù yóò máa tọrọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìdájí la fi ń gbọ̀nà odò. Oòrùn á ti ga kí á tó padà délé.

Kọmáńdà, bí a ti ń pe aṣojú ìjọba nígbà yẹn, yóò wá gbọ́ tẹnu wa fúnra rẹ̀. Ìyá Àbẹ̀kẹ́, olórí àwa obìnrin, wá bá mi nílé.

"Ìyàwó wa, ìwọ lo lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Àjàṣẹ́. Ìwọ ni yóò bá wa sọ̀rọ̀."

"Ìyá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀."

"Ta ló ní kí o máa sọ ọ́ lójoojúmọ́? Ọjọ́ kan péré ni."

Ohùn mi kéré lóòótọ́. Ọkọ mi a máa wí pé bí mo bá ń pe adìẹ, adìẹ á rò pé afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́. Mo wá pinnu pé ariwo ni n óò fi wo ohùn náà sàn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró láàárín oko àgbàdo, tí mo ń kígbe ọ̀rọ̀ mi mọ́ àgbàdo. Adẹ́mu kan tó wà lórí ọ̀pẹ nítòsí bojú wolẹ̀.

"Ìyàwó, ta ló ń lù ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ń lù mí, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ sísọ ni mò ń kọ́."

"Háà! Ẹni tí o fẹ́ lọ bá sọ ọ́, kí Ọlọ́run gbà á o."

Nígbà tí ọjọ́ pé, ohùn mi ti há pátápátá. Mo jẹ orógbó, mo lá oyin, asán ni. Ohun tó ń jáde lẹ́nu mi dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ ìkòkò lórí òkúta.

Kọmáńdà jókòó sídìí tábìlì lábẹ́ igi máńgòrò. Akọ̀wé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Kọmáńdà kò gbọ́ Yorùbá, nítorí náà àbúrò Baálẹ̀ ni ògbufọ̀. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo ṣe bí ìyá mi ti kọ́ mi: mo kúnlẹ̀, mo tẹrí ba, n kò wo àgbà lójú, mo sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi lédè wa kí gbogbo abúlé lè gbọ́. Ohùn há, orí tẹ̀, àyà ká kò sórí orúnkún: ọ̀nà wo ni ọ̀rọ̀ fẹ́ gbà jáde bí kò ṣe ilẹ̀? Àwọn èèrà nìkan ló gbọ́ mi.

"Kí ló wí?" ẹnì kan bèèrè lẹ́yìn.

"Ó ń tọrọ àforíjì."

"Kí ló ṣe?"

Ògbufọ̀ yìí kò dúró kí n parí. Ó gbé ohùn sókè lédè Faransé pé àwọn obìnrin ń dúpẹ́, wọ́n sì ní ibi tó bá wu Baálẹ̀ ló tẹ́ àwọn lọ́rùn. Akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kọmáńdà pàtẹ́wọ́. Àbúrò Baálẹ̀ yìí mọ̀ pé mo gbọ́ Faransé! Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn: ó mọ̀, ó sì dá a lójú pé n kò ní lè la ẹnu mi.

Mo fẹ́ kígbe pé irọ́ ni. "Kààà" ló jáde. Òbúkọ kan tí wọ́n so mọ́ ìdí igi dá mi lóhùn. Àwọn ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín, kọmáńdà náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Ìyá Àbẹ̀kẹ́ jágbe mọ́ mi: "Dìde! Ilẹ̀ kọ́ la rán ọ sí!"

Mo fò dìde. Ṣé mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ti kú? Mo ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, mo rá tábìlì mú, igbá omi tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àlejò sì dà sórí ìwé akọ̀wé àti ṣòkòtò kọmáńdà. Ẹ̀rín dá. Ọkọ mi fọwọ́ bojú.

Inú ti bí mi kọjá ìtìjú. Mo di tábìlì mú, mo mí kanlẹ̀, mo wo kọmáńdà lójú. Nítorí pé ohùn mi kò lè ga, mo ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, lédè Faransé:

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ìdájí la ti gbọ̀nà lọ pọn omi tó dà sí yín lára yìí. N kò dúpẹ́ rárá. Oríta la fẹ́ kànga."

Mo tún un sọ lédè wa. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ gbọ́dọ̀ pa ẹnu mọ́. Kọmáńdà wo ṣòkòtò rẹ̀, ó wo ògbufọ̀.

"Ṣé ohun tó kọ́kọ́ wí nìyẹn?"

Ògbufọ̀ gbójú sókè, ó ń wo máńgòrò bí ẹni pé òun ló gbìn ín. Kọmáńdà yíjú sí akọ̀wé. "Ya èyí tó tutù yẹn. Kọ òmíràn."

Kànga wà ní oríta. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀: ariwo kọ́ ni ohùn. Kí ènìyàn kúnlẹ̀ kí àgbà, ó dára. Ṣùgbọ́n tí ó bá kan ọ̀rọ̀, kí ó dìde, kí ó mí, kí ó má sì jẹ́ kí ẹni tó ń jẹ lára irọ́ bá òun gbé ọ̀rọ̀ lọ.

Àbúrò Baálẹ̀ náà ń mu nínú omi kànga wa. Bó bá rí mi níbẹ̀, á ní, "Ìyàwó, ṣé ohùn ti là?" Èmi á kúnlẹ̀ kí i dáadáa, màá dìde, màá ní, "Ó ti là, Bàbá. Ẹ máa mu omi yín." Inú á tún máa bí mi lọ sílé. Àfi bí òbúkọ kan bá ké lójú ọ̀nà, tí mo bá ara mi tí mò ń wẹ̀yìn wò bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ, ni n óò tó rẹ́rìn-ín.