Ìwé Ìpolówó Kò-sí-Bíi-Tèmi

Ẹ bá mi kí káfíńtà àdúgbò wa, Kò-sí-Bíi-Tèmi. Ọkùnrin yìí á ti fi ẹnu kọ́ ilé alájà mẹ́wàá kó tó fi ọwọ́ gbá ìṣó kan wọlé.

Ìyá olóòtẹ́ẹ̀lì kan ń wá ẹni tó máa ṣe ogójì bẹ́ẹ̀dì fún un. Ó ní kí káfíńtà tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà fi ìwé ìpolówó ránṣẹ́. Èmi ni mo ń tẹ̀wé, Kò-sí-Bíi-Tèmi sì sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Oṣù mẹ́ta ni kò ti ríṣẹ́ ṣe. Bí èyí bá tún bọ́, àfi kó ta ẹ̀rọ tó fi ń rẹ́ pákó.

"Atẹ̀wé! Fọ́tò mi ni kó gba iwájú ìwé."

"Ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Fọ́tò mi!"

"Inú ńkọ́?"

"Ibẹ̀ la máa kọ ìtàn ìgbésí ayé mi sí!"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó fẹ́ ra bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì ló fẹ́ rí. Nọ́ńbà fóònù yín dà?"

Ó fi mí rẹ́rìn-ín. "Ṣé wọ́n ń júwe oòrùn fún èèyàn ni?"

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn wọ̀ ọ́ létí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò ní èyí tó ṣeé yà. Èyí tó ṣe kẹ́yìn, oníbàárà kàn húkọ́ lórí ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ méjì yọ! Ló bá sọdá sọ́dọ̀ obìnrin káfíńtà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ní kó jẹ́ kóun ya fọ́tò lórí bẹ́ẹ̀dì tó gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Kò burú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà bọ́ bàtà."

Ó bọ́ bàtà, ó wọ kóòtù, ó nà gbalaja, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Àbí kí ló kàn mí?

Lọ́sẹ̀ kejì, ọkọ̀ ìyá olóòtẹ́ẹ̀lì dúró ládùúgbò wa. Kò-sí-Bíi-Tèmi fò jáde, ó ti fi téèpù kọ́rùn bíi táì.

"Ẹ káàbọ̀, mà! Èmi náà rèé!"

Ìyá yìí wo ìwé, ó wo ojú ẹ̀. "Áà! Ẹ̀yin nìyí lóòótọ́! Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni obìnrin tó ṣe bẹ́ẹ̀dì yìí wà? Orúkọ ẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀ hàn kedere lára pátákó ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn orí yín. A ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Òun ló máa ṣe ogójì náà."

Kò-sí-Bíi-Tèmi rọra yọ téèpù kúrò lọ́rùn. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an, ẹ̀rín sì fẹ́ẹ̀ pa mí.

"Ṣùgbọ́n mà... ẹ ò ka ìtàn ìgbésí ayé mi ni?"

"Mo kà á tán! Mi ò ríbi tẹ́ ẹ ti dárúkọ iṣẹ́ kankan níbẹ̀, ni mo bá gbà pé ìdùbúlẹ̀ yìí náà niṣẹ́ yín. Tí àwọn bẹ́ẹ̀dì bá dé, ẹ ó wá nà sórí wọn fún ìwé ìpolówó tiwa náà o."