Èmi Tí Mo Yáwó Kí N Lè Tọ́jú Owó

Ẹgbẹ̀rún méje àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni mo ra wíìgì kan ní Ìyànà Ìbà. Irun náà gùn dé àárín ẹ̀yìn mi, ó ń dán bí ìrù ẹṣin tí wọ́n fi òróró pa. Ọjọ́ tí gbogbo ayé rí mi nínú wíìgì yẹn, kódà tí mo bá dàgbà tí eyín mi ká tán, kò ní kúrò lọ́kàn mi.

Ike ni mo ń tà ní Òkòkòmáíkò: bókẹ́ẹ̀tì, abọ́, póò ọmọdé. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti Bàbá Ṣadé, ọkọ mi, jà lórí owó. Ó ní owó kì í sùn mọ́jú lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, nítorí òótọ́ ni. Mo bá fọ́nnu pé èmi nìkan ni màá san owó ilé tó ń bọ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà, kí òun jókòó kó máa wòran.

Ìyá Mùínà, tó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ló ní kí n ra kóló, àpótí onípákó tí wọ́n fi ìṣó kàn pa, tí kò ní ju ihò tówó ń gbà wọlé lọ. Mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì búra fún un bí ìyàwó tuntun: ẹgbẹ̀rún méjì lójoojúmọ́, òjò ìbáà rọ̀, ọjà ìbáà kú. Kóló mi ò gbọdọ̀ sùn lébi.

Ọjà sì kú lóòótọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ra bókẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi lọ fún ìsinmi, gbogbo àdúgbò dákẹ́. Ẹni tó gbọ́n á ní kí kóló ṣe sùúrù. Èmi kọ́. Ọmọbìnrin kan tó gba yàrá lẹ́yìnkùlé wa ti fi áàpù kan tó ń yáni lówó hàn mí: wàá ya fọ́tò ojú ẹ, wàá gbà sí gbogbo ohun tí wọ́n bá bi ẹ́. Mo dé wíìgì, mo rẹ́rìn-ín sí fóònù, mo ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Kí omi ẹ̀bà mi tó hó, owó ti wọlé. Mo lọ gbà á lọ́dọ̀ oní-POS, mo gbé e fún kóló.

Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ní kí n fi san án padà, tòun tèlé. Kí n wá fọ́ kóló? Ká má rí i. Mo lọ bá áàpù kejì kí n lè rí san fún àkọ́kọ́, mo tún bá ẹ̀kẹta. Wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, mo ń pa á rẹ́. Èrò mi ni pé ẹni tí ò mọ ṣọ́ọ̀bù mi, kí ló fẹ́ fi mí ṣe?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ìyá Mùínà wọ ṣọ́ọ̀bù tọ̀ mí wá, kò tiẹ̀ kí mi.

"Ìyá oníke, owó ta lo jí?"

Mo wo fóònù ẹ̀. Èmi rèé, tòun ti wíìgì, tòun tẹ̀rín, àwọn aláàpù wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé olè ni obìnrin yìí, ó ti sá lọ. Mo jókòó sórí bókẹ́ẹ̀tì, bókẹ́ẹ̀tì là.

"Sá lọ síbo? Ṣebí mo wà níbí."

"Ohun tí mo sọ fún wọn nìyẹn. Mo ní ìwọ ò tilẹ̀ lè sáré."

Bẹ́ẹ̀ ni tí mo ń tẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n rí gbogbo nọ́ńbà inú fóònù mi, gbogbo wọn ni wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sí: oníbàárà, wòlíì wa, nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí mi. Ìyá ọkọ mi pè láti Ìsẹ́yìn, ohùn wọn rọ̀ bíi ti ẹni tó ń kí olóòkú.

"Ìyàwó mi, wọ́n ti kà á fún mi. Ní àgọ́ ọlọ́pàá tó o wà yẹn, ṣé wọ́n ń gbà kéèyàn gbé oúnjẹ wọlé?"

"Màmá, mi ò sí lágọ̀ọ́."

"Mo mọ̀. Wọn ò ní jẹ́ kó o sọ ọ́."

Nígbà tí mo délé, Àlájì onílé wa ti jókòó sí pálọ̀, fóònù lọ́wọ́. Bàbá Ṣadé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́.

"Ìyá Ṣadé, mi ò bá ẹ jà," Àlájì ní. "Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń wá kiri báyìí, kò lè rówó ilé san lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti rí ẹlòmíì tó fẹ́ gba ilé yìí."

Ibo ni mo fẹ́ kó ọmọ mẹ́ta lọ? "Àlájì, owó yín wà ńlẹ̀, ó sì pé." Mo wọ́ kóló jáde, Bàbá Ṣadé fi òòlù là á. Owó tú sílẹ̀, ẹnu ọkọ mi náà là sílẹ̀. A kà á: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà, ó lé ẹgbẹ̀rún méjì. Àyà mi yọ síwájú.

Àlájì ò yin mí. "Nígbà tó o ní gbogbo èyí, kí lo tún ń yáwó ṣe?"

"Kí n lè ní i ni, sà."

Bàbá Ṣadé wò mí, ó wo owó, ó tún wò mí.

"O yá owó èlé fún àpótí?"

Ìgbà tó jáde lẹ́nu ẹlòmíì ni èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Èmi tí ẹnìkan ò lè fi náírà mẹ́wàá rẹ́ jẹ lọ́jà.

Àlájì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ṣí fìlà, wọ́n fi nu ojú. "San owó àwọn aláàpù yẹn lónìí," ni wọ́n wí. "Wọ́n ti fi fọ́tò ẹ ránṣẹ́ sí fóònù mi, ìyàwó mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì ibi tí mo ti mọ̀ ẹ́." Wọ́n gba ìdajì owó ilé, wọ́n ní kí n wá ìyókù láàárín oṣù méjì. Mo san án, ṣùgbọ́n ọkọ mi ló bá mi fi díẹ̀ sí i, ó sì ń rán mi létí títí dòní.

Owó tó o bá jẹ lérè lo lè tọ́jú. Èyí tó o yá, ti olówó ni, ìbáà sùn sílé ẹ dọdún. Kóló tuntun wà nílé báyìí, ọjọ́ tí ọjà bá kú, mi ò tiẹ̀ wo apá ibi tó wà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí, àmọ́ ẹ̀rín náà máa ń gún mi ní ìhà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún náírà ló bọ́ sí mi lọ́wọ́ lọ́dọ̀ àwọn áàpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́tàlélógóje àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni wọ́n gbà padà. Ohun tí mo san nítorí kí n lè tọ́jú owó ara mi ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́tàléláàádọ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.