Oyún Fóòmù Tí Mo Gbé Ní Sàngó

Ọjọ́ kan wà tí mo ti bẹ Ọlọ́run títí pé kó bá mi pa á rẹ́ lọ́kàn. Kò pa á rẹ́. Mo lè jókòó jẹ́ẹ́ báyìí kí n máa yan ẹ̀pà, ọjọ́ náà á kàn yọjú sí mi, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Ẹ fara balẹ̀, mo fẹ́ rò ó.

Òṣèré fíìmù ni mí. Bí ẹ ò bá mọ ojú mi, ẹ̀bi yín kọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni mo máa ń ṣe. Èmi ni mò ń gbé omi wá fún ọlọ́lá inú fíìmù, màá sọ pé "Ẹ káàbọ̀, sà," màá sì padà sí ilé ìdáná. Láàárín "ẹ káàbọ̀" àti ilé ìdáná yẹn ni gbogbo òkìkí mi wà. Àwọn ará àdúgbò wa ní Sàngó ń pè mí ní súpásítà, àmọ́ tí súpásítà bá dé ìdí ẹ̀rọ omi, ẹ̀yìn ló ń tò sí.

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó ń darí fíìmù ní kí n wá ṣe ìyàwó ilé tó lóyún. Inú mi dùn, àyà mi sì já. Mo ti pẹ́ nílé ọkọ nígbà náà, ikùn mi sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń gbé ní Àtàn, kò fi ọ̀rọ̀ ọmọ lọ̀ mí rí. Tí wọ́n bá wá kí wa, wọ́n á kàn kọ́kọ́ wo ikùn mi kí wọ́n tó wo ojú mi.

Ọ̀gá dàírẹ́kítọ̀ wo bí mo ṣe ń rìn, ó mi orí.

"Ṣé aboyún lò ń ṣe ni, àbí ẹni tó jí ìbẹ́pẹ lóko olóko?"

Ó ní kí n máa gbé oyún náà kiri títí ara mi á fi mọ̀ ọ́n: kí n fi lọ sọ́jà, kí n fi wọ kẹ̀kẹ́. Ọkùnrin ọlọ́gbọ́n. Kò lóyún rí, àmọ́ ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e ju gbogbo obìnrin Ọ̀tà lọ. Aládùúgbò wa kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ fóòmù bá mi gé àgékù fóòmù kan ní rogodo, mo rán okùn sí i, mo so ó mọ́nú. Ọkọ mi, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin, wò mí títí. "Ó yẹ ọ́," ó ní, ó sì kọjú sí ògiri.

Ẹ wá wo ayé lábẹ́ bíríìjì Sàngó. Àwọn ọmọkùnrin tó máa ń fi èjìká gbá mi dà nù wá ń dá ọkọ̀ dúró kí n lè sọdá. Oníkẹ̀kẹ́ ní, "Ẹ sún, ẹ jẹ́ kí ìyá ìbejì ráyè." Aláta bu ẹ̀kúnwọ́ kún tèmi, ó ní ti ẹni inú lèyí. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe fíìmù, ẹnì kan ò dá mi mọ̀. Àgékù fóòmù ló sọ mí di gbajúmọ̀.

Mi ò mọ̀ pé ìyá ọkọ mi wà ní òdìkejì títì, tí wọ́n wá ra abọ́ oníke. Wọ́n rí mi. Wọn ò pè mí, nítorí ta ló ń pe aboyún láàárín ọjà kí ayé gbọ́? Wọ́n da abọ́ padà fún oníṣòwò, wọ́n gba ilé lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ìrìn àjò oyún mi dé ni mo bá Màmá ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àgbo, ẹja àrọ̀ gbígbẹ àti àbúrò ọkọ mi obìnrin tí yóò máa bá mi pọnmi.

"Màámi, mi ò lóyún o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kó o máa wí."

"Màámi, fóòmù ni."

"Èyí tiẹ̀ dáa jù. Ẹnikẹ́ni tó bá bi ọ́, fóòmù ni kó o pè é."

Mo fẹ́ gbé aṣọ sókè kí n fi hàn wọ́n, wọ́n gbá ọwọ́ mi mú. "Ta ló ń ṣí oyún sí afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́? O ò bẹ̀rù ayé ni?" Omi ti lé ròrò sí wọn lójú. Bí mo bá já okùn yẹn lójú wọn, ọkàn wọn ni mo já. Mo yíjú sí ọkọ mi.

"Olówó orí mi, ẹ bá wọn sọ ọ́."

Ó wúkọ́. Ó ní òun ti ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni.

Màmá ní àwọn ò padà sí Àtàn àfi tí mo bá bí. Àràárọ̀ ni mò ń mu àgbo níṣojú wọn. Oyún ò sí nínú mi, àmọ́ ìgbẹ́ gbuuru wà níbẹ̀ dáadáa. Mo ń fi fóòmù sùn, mo ń fi jí. Ọ̀gá dàírẹ́kítọ̀ fẹ́ kí ara mi mọ̀ ọ́n. Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ̀.

Ọjọ́ tí a máa ya ìran ìrọbí nínú fíìmù náà, nílé kan ní Ìjù, mo parọ́ pé ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ. Màmá gbé kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé mi. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà, igbe mi ni wọ́n gbọ́ nínú iyàrá, mo ń ké pe ìyá tó bí mi lọ́mọ. Kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró. Wọ́n ti ọmọbìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Yà fún mi, ìwọ eléèékánná gígùn. Ṣé báyìí ni wọ́n ń gbẹ̀bí nílé tìrẹ?" Wọ́n kúnlẹ̀ tì mí. "Ìyàwó mi, mo ti dé. Rọra máa mí."

Wọ́n ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ mi, okùn já, fóòmù sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Màmá gbé e sókè wò.

"Ó fúyẹ́," wọ́n ní.

Mi ò lè wo ojú wọn.

"O sọ fún mi."

"Mo sọ, Màámi."

"O ní fóòmù ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n tẹ́ fóòmù náà sórí itan, wọ́n fi etí ìró wọn nù ún bí ẹni ń nu ọmọ tuntun. Ẹkún wọn ò ní ohùn. Nọ́ọ̀sì irọ́ ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Ọ̀gá dàírẹ́kítọ̀ ń yọ́ sọ fún oníkámẹ́rà pé, "Má dúró. Má dúró."

Nígbà tó yá, Màmá gbójú sókè, wọ́n rí kámẹ́rà.

"Ṣé ẹ ti ń ya èyí látẹ̀ẹ̀kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ẹ wá ń wò mí, ẹ ò jẹ́ kí n tún gèlè mi wé?"

Fíìmù náà jáde. Ìran kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ayé ń sọ. Wọn ò sọ̀rọ̀ aboyún; ìyá tó gba fóòmù ni wọ́n ń bèèrè. Lónìí, mọ́tò ló ń wá gbé Màmá ní Àtàn. Wọ́n ti ṣe ìyá ọba nínú fíìmù, wọ́n ti ṣe ìyálọ́jà. Wọ́n gbé fóòmù náà pamọ́; òun ni wọ́n ń fi ṣe tìmùtìmù tí wọ́n bá ń dúró de ìran tó kàn wọ́n. Èmi náà ṣe nínú fíìmù wọn kan láìpẹ́ yìí. Mo gbé omi wá, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, mà," mo sì padà sí ilé ìdáná.

Nígbà tí oyún gidi dé, mo lọ sọ fún wọn. Wọ́n fi ìka kan tẹ ikùn mi, wọ́n dúró, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́.

"Ta ni dàírẹ́kítọ̀?"

"Ọmọ yín ni, Màámi."

Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá so irọ́ mọ́nú, kó má retí kí òótọ́ ẹnu rẹ̀ wọ etí ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ọmọ náà ké ní tòótọ́ ni Màmá tó gbà. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ méjèèjì. "Èyí wúwo," wọ́n ní. A rẹ́rìn-ín títí. Tèmi ló kọ́kọ́ di ẹkún.